Ìlà tín-ín-rín ní ẹsẹ̀ ojú wẹ́ẹ̀dì: ṣé irin ló sán ni, àbí ojú sáńdípépà?

ArinIná: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 25 mm ni, E7018, ìyẹn ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀, ni wọ́n fi jó o. Wọ́n gé e ní ìbú, wọ́n dán an, wọ́n fi nital, ásíìdì tí wọ́n fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù là, kùn ún. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní ìlọ́po 100, ìlà dúdú kan hàn ní ẹsẹ̀ wẹ́ẹ̀dì, kò gùn tó ìdajì mìlímítà. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó sán lóòótọ́?

Lábù_Irin: Kí nital tó kàn án ló yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ wò ó. Ásíìdì máa ń jẹ etí ibi tó sán, á mú kó fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Èyí tó bá sì sá pamọ́ sínú rẹ̀ á máa sun jáde, á fi àbàwọ́n yí i ká.

Ẹ padà sórí sáńdípépà pẹ̀lú omi, láti orí èyí tó rí gbáragbàra dé èyí tó kúnná: nọ́ńbà 240, 400, 600, 800, 1200. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ pépà, ẹ dábùú irin náà, kí ẹ yún un títí ìlà ti tẹ́lẹ̀ á fi pa rẹ́. Ó wá kan díámọ́ńdì 6, 3 àti 1 máíkírọ́ọ̀nù. Ẹ fọ irin àti ọwọ́ yín láàárín ìkọ̀ọ̀kan; hóró iyanrìn kan péré láti orí 240 ti tó ba aṣọ díámọ́ńdì jẹ́. Ojú sáńdípépà máa ń tọ́ gbọnrangandan, bí ẹ bá sì dábùú irin, á pa rẹ́. Ibi tó sán á máa wọ́, á máa yà, kò sì ní lọ.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù o. Irin á ya bo ẹnu ibi tó sán, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ dán an, ẹ fi nital kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tún dán an, ẹnu rẹ̀ á ṣí.

Wẹ́dà_Àgbà: Òótọ́ ni. Nital yẹn, 2 ml ásíìdì nítíríìkì sínú 98 ml ẹ̀tánọ́ọ̀lù ni. Ásíìdì lẹ ó máa rọra dà sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ẹ má sì dé ìgò rẹ̀ pinpin, torí gáàsì máa ń gbára jọ sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 ti tó. Bí irin bá ti ṣú díẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù ṣàn án, ẹ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i.

ArinIná: A ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìlà náà ò lọ. Inú irin tí ooru ti kàn ló wà, níbi tí hóró irin ti tóbi, kò wọ inú wẹ́ẹ̀dì.

Lábù_Irin: Á jẹ́ pé ó sán, háídírójìn sì ni mo fura sí. Èyí tó bá sán nígbà tí wẹ́ẹ̀dì ń dì, àárín wẹ́ẹ̀dì gan-an ló sábà máa ń wà. Ẹ wọn bí ibẹ̀ ṣe le tó pẹ̀lú Vickers HV10, ìdánwò tí wọ́n ti ń tẹ ẹnu díámọ́ńdì mọ́ irin. Bó bá ju 350 lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ martensite, irin tó le tó sì tètè ń sán, ló wà níbẹ̀: irin náà ti yára tutù jù.

Wẹ́dà_Àgbà: Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n kọ́kọ́ fi iná mú irin gbóná kí wọ́n tó jó o, àti ibi tí E7018 wà. Tí páálí bá ti ṣí, inú ààrò tó tó 120°C ló yẹ kó wà. Bó bá wà níta ju wákàtí 4 lọ, ó ti ń fa ọ̀rinrin, ibẹ̀ sì ni háídírójìn ti ń wá. Irin tí háídírójìn bá wọ̀ kì í sì í sábà sán lójú ẹsẹ̀. Àwọn wẹ́ẹ̀dì yòókù lórí iṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó pé wákàtí 48 kí ẹ tó yẹ̀ wọ́n wò.