Ta ló mọ̀ nípa kíka bísínẹ́ẹ̀sì orin ní yunifásítì?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, ọ̀rọ̀ kan wá ń dà mí láàmú. Bísínẹ́ẹ̀sì orin ni mo fẹ́ kà. Mi ò kọrin o, ohùn mi gan-an ò dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì, royalty (owó tó ń wọlé fún olórin tí wọ́n bá lo orin ẹ̀), ta ló ni master (orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ gan-an), ta ló ni publishing (ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ọ̀hún sílẹ̀), òun ló ń wù mí. Bùọ̀dá mi kan ló fà á, ó sáìnì pépà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kò kà á, inú ẹ̀ ṣáà ń dùn, orin ọ̀hún wá ń dún nínú gbogbo dánfó tó ń lọ Ojúẹlẹ́gba, kọ́bọ̀ kan ò wọlé fún un.

Mo ti wo Creative Arts ní UNILAG, mo wo dípúlómà ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON l'Óníkàn, àmọ́ bíi pé orin fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ èèyàn jù níbẹ̀. Berklee l'Amẹ́ríkà ní dígírì ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni máa sanwó ẹ̀, èmi ọmọ oníṣòwò Tẹ́júoṣó? Màámi ní kí n lọ ka Law, pé Copyright Act 2022 tí mò ń pariwo ẹ̀, ṣé kì í ṣe òfin ni? Wọn ò kúkú parọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní label (iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde) tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó orin bíi MCSN, kí lẹ kà? Ṣé Law dáa ju Business Admin lọ? Ẹ má kàn ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ o, mo ti gbọ́ yẹn.