Ààyè oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Dẹ́nmárkì: ṣé iṣẹ́ ni àbí ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń parí ìwé másítà mi lórí omi abẹ́ ilẹ̀, mo sì rí ìkéde ààyè oyè ọ̀mọ̀wé kan ní Dẹ́nmárkì. Wọ́n ní ọdún 3 ni, wọn yóò sì máa san owó oṣù, ṣùgbọ́n mo kà á látòkèdélẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ jẹ́ pé ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iye rẹ̀. Ṣé ó sì pọn dandan kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ́kọ́ gbà mí?

Èsì kìn-ín-ní
Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn kò fi nǹkan kan pa mọ́. Òṣìṣẹ́ ni ẹni tí ó bá gba irú ààyè bẹ́ẹ̀, kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó kàwé bá ìjọba ṣe ló sọ iye owó oṣù rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sì jẹ́ wákàtí 37. Owó orí ibẹ̀ kò kéré o, nítorí náà iye tó máa wọ ọwọ́ yín gan-an ni kí ẹ fi ṣètò.

Nínú ọdún 3 náà, ẹ óò fi wákàtí 840 ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka yín, pàápàá kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ óò ṣe ẹ̀kọ́ tó tó 30 ECTS, ìyẹn máàkì tí àwọn yunifásítì Yúróòpù fi ń wọn bí ẹ̀kọ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ óò sì lọ lo ìgbà díẹ̀ ní ibùdó ìwádìí mìíràn, tó sábà máa ń jẹ́ òkè òkun. Ẹ má ṣe rò pé ìwádìí nìkan ni ẹ óò máa ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Èsì kejì
Ní ti ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ ẹni tí ẹ lè bi ní ìbéèrè sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìkéde. Ẹ kọ̀wé sí i bí ohun kan bá rú yín lójú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò rọ́pò ìwé ìwáṣẹ́, tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sí ìkànnì yunifásítì kí gbèdéke tó pé.

Lẹ́tà yín ni kí ẹ fara balẹ̀ kọ. Lẹ́tà kan náà ni mo fi ránṣẹ́ síbi mẹ́ta nígbà tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ pé, “Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì,” ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́, mo kọ ọ́ pé: “Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wọn iyọ̀ inú kànga 12, ìṣòro tí mo bá pàdé níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín yìí fẹ́ yanjú.” Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni, ọkàn mi ti balẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí másítà mi parí; ṣé mo lè fi ìwé sílẹ̀ báyìí?

Èsì kẹta
Àbúrò, ohun tí ìkéde bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ẹni tí yóò parí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìgbé kò tíì kàn ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé iṣẹ́ ni wàá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ SIRI, àjọ ìjọba Dẹ́nmárkì tó ń bójú tó ìwé àṣẹ àwọn àjèjì tó ń wá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n fi ẹ̀dà ìkéde yẹn pamọ́ lónìí: wọ́n a máa yọ ọ́ kúrò bí gbèdéke bá ti kọjá, ọjọ́ tí wọ́n bá sì pè ọ́ ni wàá fẹ́ tún un kà.