Wọ́n dá fọ́ọ̀mù mi padà nítorí míṣọ̀n àti fíṣọ̀n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, ẹ máà bínú bó bá gùn. Iléeṣẹ́ èlùbọ́ kékeré kan lèmi àti àbúrò ọkọ mi jọ dá sílẹ̀ ní Ṣakí, a ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, a ní àkáǹtì, a ní páálí tó rẹwà (àwọ̀ ewé ni mo yàn, òun ló fẹ́ pupa, ìyẹn náà fa ìjà nígbà yẹn). Wàyí o, àwọn kan ń fún àwọn oníṣòwò kékeré lówó ìrànwọ́, mo gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ká kọ míṣọ̀n àti fíṣọ̀n. Mo gbé e fún kọnsọ́tántì kan, ó gbowó gidi lọ́wọ́ mi, owó tí mi ò tíì jẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ mọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó kọ rèé: "Fíṣọ̀n wa ni láti jẹ́ iléeṣẹ́ tó gbawájú jù lọ lágbàáyé nínú oúnjẹ, pẹ̀lú ìmọ̀ ìgbàlódé, ìtayọ àti òtítọ́." Ó dùn létí àbí kò dùn? Wọ́n dá a padà, wọ́n ní a ò tíì sọ ohun tí à ń ṣe. Àbúrò ọkọ mi wá ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí òun ti sọ. Ohun tóun fẹ́ ká kọ ò ju ìlà kan lọ, bí èyí tí wọ́n ń kọ sára ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ ata. Mo ní mi ò kọ irú ẹ̀, látìgbà náà a ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́, ìyàwó ẹ̀ náà ò kí mi mọ́, bẹ́ẹ̀ gèlè mi ló wé lọ síbi ìkómọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù máa tì. Ẹ bá mi kọ ọ́ kó dáa.

Bàbá Ìbejì:
Háà, kọnsọ́tántì! Wọ́n kọ nǹkan kan náà fún èmi tí mò ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ibi tí wọ́n kọ oúnjẹ sí ní tiyín, búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ ní tèmi, gbogbo ẹ̀ pátá, títí dórí ìtayọ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Kò sí oníbàárà tó kà á rí, èló ni ẹyọ kan ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ lọ gba owó yín.

Ọmọ Tíṣà:
Ẹ kú ìnira mà. Míṣọ̀n ni ohun tí ẹ ń ṣe lónìí, ta lẹ̀ ń ṣe é fún, àǹfààní wo lonítọ̀hún ń rí níbẹ̀. Fíṣọ̀n ni bí nǹkan ṣe máa rí tí iṣẹ́ yẹn bá yọrí. Ẹ wo Google, míṣọ̀n wọn ni láti to ìmọ̀ gbogbo ayé jọ kó lè wà nárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo èèyàn kó sì wúlò fún wọn. Ẹ ò rí "a ó gbawájú" níbẹ̀. Microsoft nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì gbogbo àti nínú ilé gbogbo, ó tán. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: ẹ yọ orúkọ iléeṣẹ́ yín kúrò kí ẹ fi ti ẹlòmíì sí i, tó bá ṣì bá a mu, ẹ ò tíì kọ nǹkan kan. Ẹ sì ti rí ti Bàbá Ìbejì lókè yìí.

Ọmọ Ìbàdàn:
Google, Google. Ṣé Google ń ro àmàlà ni? Ilé wa ni ká ti mú àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀, Afẹ́nifẹ́re ni Yorùbá ń pè é, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ yẹn tí kò mọ ibi tí wọ́n forí lé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ mẹ̀kúnnù ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ìyá tó wà lóko pàápàá mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Akọ̀wé Àgbà:
Ẹ ò wá mẹ́nu ba Vision 20:2020. Wọ́n ní tó bá di ọdún 2020, Nàìjíríà á wà lára orílẹ̀-èdè 20 tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù láyé. 2020 dé, ó sì kọjá lọ, ibo la wà? Òun náà ní ọjọ́, ó ní iye. Torí náà kí màmá yìí má rò pé tóun bá ti ki nọ́ńbà bọ̀ ọ́, ó parí.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ dìbò fún nígbà yẹn ná?

Ádímíìnì:
Ẹ má gbé òṣèlú wọ ibí o, mo ti kìlọ̀. Èlùbọ́ là ń sọ.

Màmá Aránṣọ:
Èmi kọ "oníbàárà lọba" gàdàgbà sí ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Abẹ́ ìwé yẹn gan-an lọmọ iṣẹ́ mi jókòó sí tó ń pòṣé sí ìyàwó tó wá gba léèsì ìgbéyàwó ẹ̀ tí a ò tíì sín bọ́tìnnì sí. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n kun ògiri yẹn, mo wá kọ "Aṣọ yín á ṣetán lọ́jọ́ tí a bá dá". Ẹ gbọ́, a kì í sùn mọ́! Torí bí ọjọ́ bá pé, oníbàárà á kàn nawọ́ sí ògiri ni, kò ní bá ẹ jà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n lè fi mú yín.

Ìyá Àgbà:
Èmi ò mọ míṣọ̀n. Àbúrò ọkọ yín, ọkọ yín ni. Ẹ ń pè é ní "ó", "ó" lójú gbogbo ayé, kò dáa.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ̀yin mà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà nígbà tí mo wọlé, èmi ni mò ń fọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ọmọ Tíṣà, ẹ ṣeun, mo ti kọ tuntun: "A fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó wà ní Peckham àti Houston máa fi èlùbọ́ wa ro àmàlà." Ó sọ ẹni, ó sọ ibi. Àbí?

Lọ́yà Kékeré:
Ó sàn ju ti àkọ́kọ́. Ṣé páálí yẹn ní nọ́ńbà NAFDAC? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ sílẹ̀ ní CAC pé ẹ fẹ́ máa ṣe?

Ọmọ Tíṣà:
Mà, páálí mélòó lẹ̀ ń tà lóṣù? Nínú owó tó ń wọlé, ibo ló ti ń wá jù?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Míṣọ̀n ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi kọ, mi ò ní kẹ́ ẹ ka owó mi. NAFDAC ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kọ́kọ́ lọ gba owó lọ́wọ́ kọnsọ́tántì yẹn ná.

Lọ́yà Kékeré:
Mà, àwọn tó ni fọ́ọ̀mù máa bèèrè ohun tí Ọmọ Tíṣà bèèrè. Ẹ kúkú fún wa lésì níbí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ó dáa, ẹ ò ní jẹ́ n sinmi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń ra páálí yẹn, kò tíì dé Peckham. Ohun tó ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ tó sì ń sanwó àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń gbé gbodo wá ni, iṣu tí wọ́n fẹ́ sá gbẹ ṣe èlùbọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí wọ́n bá bó iṣu tán, tí wọ́n gé e, tí wọ́n bọ̀ ọ́, tó sun inú omi ẹ̀ mọ́jú, oòrùn ló kù. Tí òjò bá wá ń rọ̀ lójoojúmọ́ á bu, á máa rùn, gbogbo owó iṣu wọ igbó nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tó ń mú un gbẹ, páànù àti ààrò ló fi ṣe é, ó burú lójú ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ti Ìgbòho àti Àgọ́ Àmọ́dù wá tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Tó bá gbẹ a ó lọ̀ ọ́ fún wọn, wọ́n á gbé e lọ ọjà tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni iléeṣẹ́ wa o, ìyẹn la ṣì ń rí jẹ títí iléeṣẹ́ á fi dúró.

Ọmọ Tíṣà:
Mà!!! Ó ti dúró tipẹ́. Kí ni ìlà kan tí àbúrò ọkọ yín fẹ́ kọ?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
"À ń sá gbodo lójò lẹ́ẹ̀rùn, a sì ń lọ̀ ọ́." Ẹ ṣáà rí i pé kò ní gírámà.

Màmá Aránṣọ:
Jésù. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí mo ti mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Akọ̀wé Àgbà:
Ẹ fi "lọ́nà tó dángájíá" kún un kó lè wúwo.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ má fi nǹkan kan kún un!

Ọmọ Tíṣà:
Ẹ jẹ́ kó dárúkọ àwọn obìnrin yẹn. Míṣọ̀n: "À ń bá àwọn obìnrin tó ń ṣe gbodo ní Òkè-Ògùn sá a lójò lẹ́ẹ̀rùn, a sì ń lọ̀ ọ́ fún wọn." Fíṣọ̀n: "Kí gbodo ẹnikẹ́ni má bu mọ́ ní Òkè-Ògùn." Ẹ wá kọ iye obìnrin tó wá lójò tó kọjá sí abẹ́ ẹ̀, ó dájú pé ẹ ní ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ wọn sí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ọwọ́ àbúrò ọkọ mi nìwé yẹn wà. Màá kọ "ní Òkè-Ògùn àti òkè òkun".

Lọ́yà Kékeré:
Mà, ẹ ò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ fẹ́ máa pe òkè òkun sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti dá padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ ọ́.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n páálí mi ò ní pa rẹ́ o, èmi ni mo yan àwọ̀ yẹn.

Abíọ́dún Ìṣẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Gbodo ìyá mi ti ń bu nílé báyìí, òjò ò dá. Ṣé ẹ ṣì ń gbà á? Èló ni àpò kan?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
À ń gbà á. Iye ẹ̀... ọkọ mi kékeré ló ń dá iye lé e. Ẹ dúró kí n pè wọ́n.