Adelé ọkàn tàbí ẹ̀rọ amẹ́mìíró? Èsì mi láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìdí-Abà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Ìyá kan wà ní Láfẹ́nwá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àna rẹ̀ pè é lórí fóònù pé bí ìyàwó òun ṣe bímọ tán ló dákú, pé àwọn dókítà ti so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé ọmọ òun ti kú, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tan òun. Àbúrò wa agbẹ̀bí tó bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà ló wá bi wá pé kí ni ká máa pe ẹ̀rọ yìí.

Èsì mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ní Ìjẹ̀mọ̀ mú "ẹ̀rọ amẹ́mìíró" wá. Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "ẹ́kímò" (ECMO) bí àwọn dókítà ṣe ń pè é, ká yé da ara wa láàmú. Ẹnì kẹta ní "adelé ọkàn". Ẹ̀yìn ẹnì kẹta ni mo wà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Wọ́n á ki rọ́bà ńlá kan bọ òpó ẹ̀jẹ̀ ní ìdí itan tàbí ní ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba ibẹ̀ jáde. Pọ́ǹpù á máa tì í gba ẹ̀gbẹ́ awọ tín-ín-rín kan kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta ti ń kúrò nínú rẹ̀, tí ọ́síjìn sì ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n á tún mú un gbóná díẹ̀ kí ara má baà tutù, kí wọ́n tó dá a padà. Ẹni tó bá dúró ní ẹ̀bá ibùsùn lè fi ojú ara rẹ̀ rí i: rọ́bà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ inú èyí tó ń jáde dúdú, ti èyí tó ń wọlé pọ́n fòò. Iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe nínú àyà wa láìdákẹ́ nìyẹn, ìta ni wọ́n ti ń bá a ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ wá sí ọkàn ni wọ́n dá a padà sí, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni wọ́n bá gba iṣẹ́ ṣe; ọkàn ṣì ń lù fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara, a jẹ́ pé wọ́n ti bá ọkàn náà ṣe é. Orúkọ tí a bá mú gbọ́dọ̀ lè ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀. "Adelé ẹ̀dọ̀fóró" fún ti àkọ́kọ́, "adelé ọkàn òun ẹ̀dọ̀fóró" fún ti ìkejì. "Amẹ́mìíró" kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ amúnimí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àyà, amẹ́mìíró ni. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, amẹ́mìíró ni òun náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ni "ẹ̀mí" tó wà láàárín rẹ̀. Ẹlẹ́mìí ló ni ẹ̀mí lọ́dọ̀ wa. Ẹ sọ fún ìyá pé ẹ̀rọ ló mú ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ró, yóò gbọ́ ọ̀kan nínú méjì: pé bí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ, ẹ̀mí bọ́ nìyẹn, tàbí pé ẹ̀mí ti lọ, ara ló kù nílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ èkíní, yóò bá dókítà jà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lè jẹ́ pé ọkàn ọmọ ti gbà padà ni wọ́n fi fẹ́ yọ ọ́. Bí ó bá gbọ́ ìkejì, yóò sunkún òkú lórí alààyè, bí ìyá Láfẹ́nwá ṣe ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Òwu ta ko "adelé". Wọ́n ní ọba ní láti wàjà kí adelé tó dé ààfin, pé a jẹ́ pé à ń sọ fún ìyá pé ọkàn ọmọ rẹ̀ ti wàjà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ, mo sì rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá onílé tó rìnrìn àjò delé, adelé ni òun náà. Ẹ rántí ọdún 2017: ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni Ààrẹ Buhari lọ gba ìtọ́jú, tí Yemi Osinbajo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níbí, di adelé ààrẹ. Orí rédíò la ti ń gbọ́ "adelé ààrẹ" lójoojúmọ́. Buhari padà dé, ó gba iṣẹ́ rẹ̀, adelé sì padà sí ipò tirẹ̀. Aláìsàn tó lọ sinmi, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dè é: ohun tí ẹ̀rọ yìí jẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò wo ọkàn sàn. Ó ń fún un láyè kó sinmi ni.

Ìdí sì wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ti àwọn abiyamọ. Omi inú ilé ọmọ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá lásìkò ìrọbí, kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ sì kọ̀, kó má dì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń tètè dì ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì lè dì sí ẹsẹ̀ kó gbéra lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn ìyá lè rọ ní ìparí oyún tàbí láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, àrùn tí àwọn dókítà ní Zaria ti ń kọ nípa rẹ̀ tipẹ́. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló ṣeé borí bí ara bá rí àyè díẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé tí ELSO, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń lo ẹ̀rọ yìí, ń tọ́jú, nǹkan bí 7 nínú 10 àwọn aboyún àti abiyamọ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ yìí ló yè é. Ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kí ìyá rò pé òkú ni ọmọ rẹ̀ kò bá òtítọ́ mu rárá.

Adelé kì í ṣáájú o. Bí ọkàn aboyún bá dúró, ọwọ́ ènìyàn ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: wọ́n á máa tẹ àyà rẹ̀, ẹnì kan á ti ikùn sí apá òsì kí ilé ọmọ má baà tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20 tí ọkàn kò sì padà, wọ́n máa ń gbìyànjú láti gbé ọmọ jáde láàárín ìṣẹ́jú 5, nítorí ìyá fúnra rẹ̀ pàápàá. Ewu wà nínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rọ́bà lè mú kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá.

Ti "ẹ́kímò" kò gba àkókò mi. Kí dókítà máa lò ó láàárín ara wọn, kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ìyá tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859. Orúkọ ìwé kan ṣoṣo ni nígbà náà. Lónìí, òun là ń pe gbogbo ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ iṣẹ́ ohun kan ní tààrà máa ń pẹ́ lẹ́nu wa.

Ẹnì kan tún ní ká fi "fùkù" dípò ẹ̀dọ̀fóró torí ó kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, odò ẹran ni fùkù ń gbé. Mi ò ní sọ fún ìyá kan pé fùkù ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Àbá mi lórí bí a ó ṣe máa lò ó: "wọ́n ti fi adelé sí ọkàn rẹ̀", kì í ṣe "wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ". Bí ara bá ń bọ̀ sípò, "ọkàn ti ń gba iṣẹ́ padà lọ́wọ́ adelé". Bí wọ́n bá yọ ọ́, "adelé ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀". Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, ẹ bá mi wo "rọ́bà" tí mo lò lókè. Rọ́bà náà la ń pe ti ìtọ̀, ti omi àti ti imú. Ṣé ó tó fún èyí tó nípọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde yìí, àbí ẹ ní èyí tó dára jù ú lọ?