Ṣé èébú ni kí òbí pe ọmọ rẹ̀ ní "kid"?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àwọn kan ní òbí tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe ọmọ rẹ̀ ní "kid" ń fi ọmọ wé ewúrẹ́, pé ká jáwọ́ níbẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni pé ọmọ ewúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Scandinavia tó gbógun wọ England ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀, ní "kið" nínú èdè tiwọn. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tó parí, àwọn ará ìgboro ti ń fi pe ọmọ ènìyàn. Ẹ wo "kidnap" tó jáde ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń jí gbé nígbà náà, tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwa tí à ń pe ajínigbé ní kídínáàpà lónìí, ta ló ń rántí ewúrẹ́ nínú wa?

Tó bá jẹ́ orírun là ń wá, "bairn", ọ̀rọ̀ mìíràn fún ọmọ, ló sún mọ́ wa jù. Inú "beran" ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan tàbí kí a bí ọmọ. Ó ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Scotland àti àríwá England, "barn" sì ni wọ́n ń pè é ní Denmark, Norway àti Sweden. "Child" ní tirẹ̀ bá "kilþei" tan, ọ̀rọ̀ tí èdè Gothic, èdè àtijọ́ kan tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ń lò fún ilé ọmọ. Abájọ tí wọ́n fi ń pe aboyún ní ẹni tó wà "with child". Èyí tó wù mí jù ni "children": wọ́n ti fi "r" sọ ọ́ di púpọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn tún wá fi "en" kún un, irú èyí tó wà lẹ́yìn "oxen". Púpọ̀ gun orí púpọ̀! Kódà nínú eré The Winter's Tale tí Shakespeare kọ, olùṣọ́-àgùntàn kan rí ìkókó he, ó ní ṣé "boy" ni àbí "child". Ọmọbìnrin ni "child" lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ewúrẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ pé "child", ẹni tí a bí lè ni, ẹni tí kò tíì dàgbà náà lè ni, àwọn atúmọ̀ èdè wa sì ń da méjèèjì pọ̀. Mo rí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ "iye àwọn ọmọdé tí ẹ ní" sí. Kí ni kí ìyá tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ́mọ, kọ síbẹ̀? Òfo ni yóò kọ, irọ́ ni yóò sì jẹ́. "Ọmọ mélòó lẹ bí?" ló yẹ kí wọ́n bi í.