Ṣé kí n gbà kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ fa awọ ojú mi, àbí kí n máa tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Aláṣọ, Gbági
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti lé ní ẹni ọdún 60, inú oòrùn ni mo sì ti ń pàtẹ aṣọ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ojú mi ti hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, àmì dúdú sì ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ san owó iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò fi fa awọ náà le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìtọ́jú mìíràn wà tó lè tó mi?

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ọjà o, Mà. Kí ẹ tó dá ọmọ lóhùn, bí ẹ bá farapa, ṣé àpá ibẹ̀ máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́? Irú àpá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní keloid, wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, iwájú àti ẹ̀yìn etí ni wọ́n sì sábà máa ń là bí wọ́n bá fẹ́ fa awọ ojú.

Ìyá Aláṣọ, Gbági
Bẹ́ẹ̀ ni o. Etí tí mo lu nígbà tí mo wà lọ́mọge wú bí èkùrọ́, ó sì ń yún mi títí di òní.

Apòògùn Bódìjà
Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Mà, ní tèmi, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Fífa awọ kò tilẹ̀ lè mú àmì dúdú kúrò, oòrùn ló sì fa púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Ẹ ra ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ máa fi pa ojú àti ọrùn láràárọ̀, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà nínú oòrùn. Awọ dúdú ní ààbò tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tó ń pàtẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òrí dára fún awọ gbígbẹ, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ kò lè rọ́pò ìpara yìí.

Ní ti alẹ́, dókítà awọ lè kọ tretinoin fún yín, ìyẹn ìpara tó ń dín ìhunjọ àti àmì dúdú kù. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lálẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí bí ó bá ta yín lára jù, ó lè fi àmì dúdú mìíràn sílẹ̀. Ó máa ń tó oṣù 3 sí 6 kí ìyípadà tó hàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí ìpara abóra tí wọ́n ń pò sínú ike lọ́jà: mẹ́kúrì inú òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC sì ti fòfin dè é.

Ará Agodi
Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ìpara kò lè gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti já wálẹ̀ sókè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ yẹn gba owó yín. Dókítà awọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Ẹ fi etí yín náà hàn wọ́n níbẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún sínú irú àpá bẹ́ẹ̀ kí ó lè fẹlẹ̀, kí yíyún rẹ̀ sì dín kù.