"Ìbúgbàù Ńlá" kọ́: lórí àwọn orúkọ inú ìtàn Lemaître

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná lórí ìwé pẹlẹbẹ tí a fẹ́ tẹ̀ fún àwọn ọmọ girama níbí ní Abẹ́òkúta, èyí tó dá lórí ìgbésí ayé Georges Lemaître, àlùfáà ọmọ Bẹ́ljíọ̀m tó tún jẹ́ onímọ̀ físíksì. Fún ẹni tí kò bá ka lẹ́tà náà: ẹ̀gbọ́n ní kí a pe ọkùnrin náà ní "awòràwọ̀", kí a sì pe èrò rẹ̀ nípa bí àgbálá ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Big Bang, ní "Ìbúgbàù Ńlá". Àǹtí wa kan fèsì pé kí a kúkú pè é ní "Ìṣẹ̀dá Ayé", kó tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká tètè gbé awòràwọ̀ kúrò ńlẹ̀. Ládùúgbò tiwa, bí ẹ bá ní awòràwọ̀ ń bọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ ń dùn ti máa tú owó nídìí ìró. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ Lemaître kì í ṣe wíwo ojú ọ̀run lóru. Ìṣirò ló ń ṣe, ó sì ń lo ohun tí àwọn tó ń wò ó ti kọ sílẹ̀. Ẹ má sì gé e kúrú sí "oníṣirò", wọn á ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò owó oṣù ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mosàn ni. "Onímọ̀ ìṣirò àti físíksì tó ń wádìí àgbálá ayé" ni mo fọwọ́ sí. Ó gùn, àmọ́ kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ gan-an wà nínú "Ìbúgbàù". Ta ló sọ gbàù? Kì í ṣe Lemaître. Charleroi ní Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n bí i sí ní 1894. Ó jagun lẹ́yìn àgbá nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó di àlùfáà Kátólíìkì ní 1923, ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cambridge, ó sì tún kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní 1927 ló kọ ọ́ ní èdè Faransé pé àgbálá ayé ń fẹ̀. Ọdún náà ló bá Einstein pàdé ní Brussels, Einstein sì sọ fún un pé ìṣirò rẹ̀ tọ́, àmọ́ físíksì rẹ̀ jẹ́ ohun ìríra. Àlùfáà tó ti gbọ́ ìró àgbá lójú ogun, bó bá fẹ́ sọ gbàù, kò ní ṣì í sọ. Ẹni tó sọ ọ́ ni Fred Hoyle, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lórí rédíò BBC ní oṣù Kẹta 1949, òun sì ni alátakò èrò náà. Hoyle ní òun ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun kàn fẹ́ kó yé àwọn olùgbọ́ ni. Ó dáa. Ṣé orúkọ tí alátakò ẹni sọ ọmọ ẹni la ó wá túmọ̀ sí Yorùbá?

Yàtọ̀ síyẹn, orúkọ náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta mọ̀ pé gbàù ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, òkò sì ń fò láti ibẹ̀ lọ síbi tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà sọ́dọ̀ télọ̀ mi ní Ìtòkú. Mo gba rọ́bà tí wọ́n ń kì sí ìdí ṣòkòtò, mo fi báírò tọ́ àmì márùn-ún sí i, íǹṣì kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ di etí kan mú, mo fa ìkejì títí ó fi gùn ní ìlọ́po méjì. Àmì kejì tó fi íǹṣì kan jìnnà sí èkíní ti di íǹṣì méjì. Ó sún kan. Àmì karùn-ún tó fi mẹ́rin jìnnà ti di mẹ́jọ. Ó sún mẹ́rin, láàárín àsìkò kan náà! Bó ṣe jìnnà tó ni eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. A tún un ṣe, a ka iye láti orí àmì kẹta, bákan náà ni. Kò sí àmì tó lè ní òun ni àárín, kò sì sí èyí tó rìn lórí rọ́bà. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ló gùn. Bí àwọn agbo ìràwọ̀ ṣe ń jìnnà síra wọn nìyẹn. Orúkọ Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, nìkan ni wọ́n fi ń pe òfin yìí, títí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi dìbò ní 2018 pé kí orúkọ Lemaître wọ̀ ọ́.

Rọ́bà náà kò dún gbàù. Ohun kan ṣoṣo tó jọ ariwo nínú ìtàn yìí ni èyí tí áńtẹ́nà àwọn onímọ̀ méjì, Penzias àti Wilson, ń gbọ́ ní Amẹ́ríkà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí kì í dákẹ́: ìtànṣán tó ṣẹ́kù láti àárọ̀ àgbálá ayé. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1965. Ara Lemaître ò yá nígbà náà, àmọ́ wọ́n sọ fún un kó tó kú ní oṣù Kẹfà 1966.

Àǹtí, ní ti "Ìṣẹ̀dá", Lemaître fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní 1951 tí Póòpù Pius Kejìlá fẹ́ fi èrò yìí ti ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá lẹ́yìn, inú àlùfáà wa kò dùn sí i. Ó ní físíksì lọ́tọ̀, ìgbàgbọ́ lọ́tọ̀. Orúkọ tó fún ìbẹ̀rẹ̀ náà ni "átọ̀mù ìpilẹ̀ṣẹ̀", ohun kan ṣoṣo tó wúwo tó sì ń pín, tó ń pín. Ó tún fi í wé ẹyin, àmọ́ ẹyin ò ní yá wa: Yorùbá á bi yín léèrè adìyẹ tó yé e.

Adìyẹ tó yẹ ká rántí ni ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan yẹ̀pẹ̀ lórí omi, tí ilẹ̀ ń fẹ̀, tí wọ́n fi pe ibẹ̀ ní Ifẹ̀. N ò ní baba wa mọ físíksì o. Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ni mo ń wò. Mo kọ́kọ́ kọ "Ìfẹ̀ Àkọ́kọ́" sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láìfi àmì sí i, ó ní ta ni olólùfẹ́ mi àkọ́kọ́. Nítorí náà, àbá mi ni "Àkọ́fẹ̀", bí a ṣe ń sọ àkọ́bí àti àkọ́so. Ẹni tó bá ní àjèjì ni, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní ìlú yìí ní 1859, ta ló ti rí ìwé tó ń ròyìn rí?

Télọ̀ mi nìkan ló já mi ní koro. Ó ní rọ́bà kì í fẹ̀, nínà ló ń nà. Ìró ló ń fẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ òòró nìkan ni nínà ń bá lọ, àgbálá ayé sì ń lọ lóòró, lọ níbùú, lọ sókè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ẹ̀ka-èdè Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ náà ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.